Mò Ń Gbàdúrà Kí Wọ́n Na Ẹgbẹ́ Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Èmi náà ti bú ara mi ṣáájú yín. Láti ìgbà tí líìgì ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbàdúrà kí ẹgbẹ́ basketball tí ọmọ mi ń gbá fún máa pàdánù. Ọmọ tí mo bí fúnra mi o. Ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣù fún un. Tí mo bá wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá a ní Sùúrùlérè, èmi náà á wọ jẹ́sì wọn, èmi náà á pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ á fi máa ta mí, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, mò ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n nà wá. Ó sì ń rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń nà wá, wọ́n ń nà wá... ó ti wá dé ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí, mi ò sì ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún àfi ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Èbúté Mẹ́ta ni à ń gbé. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń yẹ páálí wò kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀, tí ìdí páálí kan bá rọ̀, mo máa dá a padà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Bàbá ọmọ mi ti kú tipẹ́, ọmọ yìí nìkan ló sì fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Tọ́pẹ́, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣe àṣejù lórí rẹ̀. Ó ti dàgbà di obìnrin, ó ga jù mí lọ, síbẹ̀ mo ṣì máa ń dúró lẹ́nu géètì títí yóò fi wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, “Mọ́mì, ẹ bá a so okùn bàtà ẹ̀ náà kẹ̀!” Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Mi ò ní parọ́, ká ní wọ́n gbà mí láyè ni, ǹ bá so ó.

Nínú ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n tó jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń dúró yípo nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé èjìká ara wọn, ẹnìkan á gbàdúrà. Ní ọdún tó kọjá, ẹni tó máa ń gbà á kò wá lọ́jọ́ kan, wọ́n rí mi níbi tí mo ti ń gbé omi fún Tọ́pẹ́, wọ́n ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbà á. Mo gbà á. Wọ́n lọ borí ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rò pé wọ́n lè borí. Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíì lanu mọ́. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn ń ṣe àmín, àwọn Kristẹni ń ṣe àmín, kóòṣì tó máa ń sọ pé iṣẹ́ àṣekára ni àdúrà tòun, òun náà ń ṣe àmín. Tí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kí n ráyè wá, wọ́n á pè mí lórí fóònù, ọ̀kan nínú wọn á gbé fóònù náà sókè láàárín gbogbo wọn, èmi á wà lẹ́yìn páálí bisikíìtì, màá máa gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ kí súpáfáísọ̀ má baà gbọ́. Ọdún yẹn dùn mọ́ wa gan-an. Mi ò mọ̀ pé ohun tó dùn yẹn ló máa di ìdẹkùn fún mi.

Kí líìgì ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, Tọ́pẹ́ fò sókè níbi ìgbáradì, bó ṣe balẹ̀, orúnkún òsì rẹ̀ yí. Ó ní òun gbọ́ ọ tó dún. Ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé ó kàn rọ́ díẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín, ó rìn jáde. Ìgbà tó délé ló tó sunkún. Èmi ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Yábàá. Wọ́n ya àwòrán orúnkún náà, dókítà gbé e síwájú iná, ó fi hàn wá. Ó ní okùn tó so egungun òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n kò tíì já. Tó bá sinmi fún gbogbo ọdún bọ́ọ̀lù yìí, tó sì ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kó san. Tó bá ń fò lé e, ọjọ́ kan ló máa já. Tó bá já, iṣẹ́ abẹ ni, òun ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́, tàbí pé kò ní máa tiro. Mo ní kí dókítà tún un sọ. Ó tún un sọ.

A ò tíì kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn tí Tọ́pẹ́ fi kúnlẹ̀ fún mi. Orúnkún tó ń dùn ún yẹn náà ló fi kúnlẹ̀, níṣojú àwọn èèyàn. “Mọ́mì, tí ẹ bá sọ fún kóòṣì, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín bò mí mọ́lẹ̀ o.” Ìwé àdéhùn rẹ̀ máa parí lọ́dún yìí. Ẹni tó bá jókòó títí ọdún fi parí, wọn kì í pè é padà, ó ti rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀gbọ́n tó bá níbẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù nìkan lòun mọ̀, kí n jọ̀ọ́, kí n ṣèlérí. Mo kàn fẹ́ kó dìde kúrò lórí orúnkún yẹn... mo ṣèlérí. Mo ní mi ò ní sọ fún kóòṣì, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnu mi ti dì báyìí, kí ló kù fún mi? Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń borí ni wọ́n máa ń mú lọ sí ìpele ìkẹyìn, wọ́n á kúrò ní Èkó, wọ́n á máa gbá a lójoojúmọ́ láìsinmi. Ẹgbẹ́ tó bá ń pàdánù, tiwọn á tètè parí, wọ́n á lọ sílé. Mo wá sọ fún ara mi pé, tí wọ́n bá ń nà wọ́n, orúnkún ọmọ mi máa yè é. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìyá ni mí, ohun tí mo rò nìyẹn. Tí a bá ti dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, màá gbóhùn sókè pé, Olúwa, fún àwọn ọmọ yìí ní ìṣẹ́gun. Wọ́n á ké àmín tí gbogbo ilé á mì. Bí àmín yẹn bá ti ń lọ lọ́wọ́ ni màá máa sọ nínú mi pé, Olúwa, má wo ẹnu mi o, inú mi ni kí O wò.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n nà wá, mo fajú ro bíi tiwọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, orin ni mò ń kọ nídìí sítóòfù. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ṣọpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. Àwọn èrò ìwòran wá sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́. Tí bọ́ọ̀lù wa bá ti kọ̀ tí kò wọ apẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan máa ń pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ̀yin aláàánú, ẹ kú ìtọrẹ o!” Òmíì á ní, “Ẹ bá wọn pààrọ̀ apẹ̀rẹ̀ yẹn, ó ń bá wọn jà!” Àwọn ọmọbìnrin yẹn á máa gbọ́ ọ, wọ́n á máa sá eré lọ, wọ́n á máa sá eré bọ̀, wọn ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọn ò kọrin nínú bọ́ọ̀sì wọn mọ́. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń pe èmi náà pé kí n wá gbàdúrà... ẹ gbọ́, wọ́n tún ń bẹ̀ mí pé kí n fi kún un!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, orúnkún Tọ́pẹ́ wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ bẹ́. Mo gbé píọ̀ wọ́tà tó ti dì lé e, mo wá fi ọgbọ́n bi í pé, ṣé kóòṣì ò lè jẹ́ kó máa jókòó díẹ̀díẹ̀ ni? Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní, “Mọ́mì, ìgbà tí a bá ti ń borí dáadáa ni kóòṣì máa ń yọ mí kí n sinmi. Tí wọ́n bá ń nà wá, ta ni kó fi rọ́pò mi? Ẹ ò rí i pé mi ò jókòó rárá lọ́dún yìí?” Mo rí i. Ojú mi wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, mi ò kàn mọ ìtumọ̀ ohun tí mò ń wò. Ọwọ́ mi dúró lórí orúnkún yẹn, omi yìnyín ń ro sí mi lẹ́sẹ̀. Ohun tí mò ń tọrọ pé kó gba ọmọ mi sílẹ̀, òun gan-an ló ń dá a dúró lórí pápá, òun gan-an ló ń mú un fò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ máa ti ọmọ rẹ̀ síwájú?

Mo yí àdúrà padà. Mo gbààwẹ̀. Mo wá ń bẹ Ọlọ́run tọkàntọkàn kí wọ́n borí, wọn ò borí. Mo wá jókòó, mo ronú bí mo ṣe máa ń yẹ páálí wò níbi iṣẹ́, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mo sì rí ohun kan tó dùn mí ju ti àdúrà lọ. Bóyá àdúrà mi kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan. Bóyá ẹsẹ̀ Tọ́pẹ́ náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa nà wá. Gbogbo ètò tí kóòṣì ń ṣe, orí Tọ́pẹ́ ló ń gbé e lé, kò mọ̀ pé Tọ́pẹ́ tó wà lọ́dún tó kọjá kọ́ nìyí. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù síbi tó yẹ kó ti sá dé, kò ní lè sá débẹ̀.

Ẹni tó ń jẹ ìyà rẹ̀ sì ni ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn láti Mushin. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rófíà. Òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù sí Tọ́pẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ síta, Rófíà ni wọ́n á bú pé kò mọ̀ ọ́n jù. Ó tún kọjá ìyẹn báyìí, àwọn kan nínú wọn ti ń sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ burúkú ni, pé láti ìgbà tó ti dé ni wàhálà ti dé. Kóòṣì ti mú un jókòó. Tọ́pẹ́ mọ òtítọ́, kò sọ ọ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rófíà wá bá mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò dáa.” Ó ń sunkún débi pé imú rẹ̀ ń ṣàn. Kí ni kí n ṣe? Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó dúró, ó ń retí, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ṣe àmín, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa gbá ìkẹyìn. Tí wọ́n bá nà wọ́n, wọ́n máa já bọ́ kúrò nínú líìgì. Kóòṣì ti sọ pé Tọ́pẹ́ ni òun gbójú lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Tọ́pẹ́ sì ti gbà. Àtàárọ̀ ni mo ti ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ tẹ ògiri sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wa, tó bá ti rí i pé mò ń wò, á ju ọwọ́ sílẹ̀, á rìn gẹẹrẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún wọn fúnra rẹ̀. Ó ní kí n rántí ìlérí mi. Ó ní tí mo bá lọ sọ ọ́, òun máa kó ẹrù òun kúrò nílé, òun ò sì ní pè mí ní Mọ́mì mọ́. Mo mọ ọmọ mi, tó bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó máa ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ pàápàá, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n lọ bá kóòṣì kó tó di Sátidé, kí n sọ fún un pé okùn orúnkún Tọ́pẹ́ ti ya, pé Rófíà ò mọwọ́mẹsẹ̀? Tí mo bá sọ ọ́, tí wọ́n bá sì já bọ́ láìsí Tọ́pẹ́, ta ni kò ní sọ pé èmi ni mo tú ẹgbẹ́ náà ká? Tí mi ò bá sọ ọ́, tí okùn yẹn wá já níṣojú mi, kí ni màá wá pe ara mi? Èwo ni kí n yàn, kó bínú sí mi kó sì máa rìn, àbí kó fẹ́ràn mi kó máa tiro? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí n máa gbàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Àdúrà ni mo sá lọ bá nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ohun tó yẹ kí n ṣe.