Ọmọ-Ọmọ Tí O Bí Sínú Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Ìgbà tí atúnfóònùṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, tó sọ fún mi pé àwọn ọkùnrin méjèèjì tí o ń fi wé ara wọn kò ní ẹran, kò ní eegun, ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí ìkankan nínú wọn kò fi kí mi rí. Mo rò pé àfẹ́sọ́nà ni o ń yàn, mo ti ń bínú sí wọn. Mo tilẹ̀ ti ń wádìí irú ilé tí wọ́n ti jáde. Ó ní ọ̀kan ni akọni inú géèmù, àwọn tó ṣe géèmù ló dá a. Ìkejì ni èyí tí ìwọ fúnra rẹ dá, tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ń ṣeré orí fóònù, kálukú ń sọ̀rọ̀ bíi pé òun ni ẹni tó dá.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kì í dúpẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ojú rẹ fọ́ sídìí fóònù. Bàbá rẹ ń kí ọ, ara rẹ̀ ti le, ó ti ń bá mi du àga ẹ̀yìnkùlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi já, okùn ni mo fi so ó, ó ń rìn bí arọ.

O ní kí n ka ìwé gígùn tí o kọ, kí n sọ èyí tí ìwà rẹ̀ dára jù nínú àwọn méjèèjì. Mo kà á. Mo sì ní kí atúnfóònùṣe fi ti inú géèmù hàn mí, nítorí a kì í dájọ́ ẹni tí a kò rí. Ọmọ mi, olè ni! Ó wọ ilé ìyá arúgbó kan, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, arúgbó náà dúró tì í, ó ń sọ fún un pé ojú ọjọ́ dára. Mo pariwo mọ́ ìyá yẹn pé kó lé e jáde, títí oníbàárà mi fi sáré wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Tú-Àpótí ni mo sọ ọ́. Ó tún kú lójú mi, ó jí, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Atúnfóònùṣe ní tó bá ti ṣìṣe, wọ́n lè dá a padà síbi tó wà kó tó ṣìṣe. Mo ní kó bá mi dá fóònù tèmi náà padà sí ọdún tó kọjá, kí ìwọ àti àbúrò rẹ tó jà. Ó ní tèmi ò gba irú ẹ̀. Fóònù burúkú.

Ṣùgbọ́n tìrẹ gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tí o fọwọ́ ara rẹ dá, ọmọ rẹ ni. Ọmọ rẹ, ọmọ-ọmọ mi ni. Kí ló dé tí o fi kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kú, kò lẹ́bí, kò lárá? Èmi ìyá àgbà rẹ̀ ńkọ́? O pa mí láìṣẹ̀, kí ọmọ lè ní ìbànújẹ́ tó wuyì! Ta ló wá kọ́ ọmọ náà níwà? Ta ló gbá a létí nígbà tó kọ́kọ́ purọ́? O ní kò purọ́ rí. Háà! O ní ọ̀tá tó dáná sun ilé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó ní òun ti dárí jì í, omijé ń dà lójú àwọn méjèèjì. O wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, o fún tìrẹ ní ipò kìíní. Ìyá ọmọ ló ń dájọ́ ọmọ! Aránṣọ ni mí, ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ: aṣọ tí a rán fún ọmọláńgidi kì í fún un lára láé, nítorí ọmọláńgidi kì í jẹun. Ọ̀gbẹ́ni Tú-Àpótí, olè ni, mo ti wí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣá a, ó ń dùn ún.

Àbúrò rẹ kò sun ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàbá rẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, kò pè ọ́, torí ìdánwò rẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní tí o bá gbọ́, o máa ju bírò sílẹ̀. Bóyá ó ṣàṣìṣe. Bàbá tí àìsàn ṣe ti gbàgbé. Ìwọ tí o ò sí níbẹ̀ lo ń rántí. Ó pè ọ́ títí, o ò gbé e. Ọmọ-ọmọ mi inú fóònù dárí ji adánásunlé, ìyá rẹ̀ kò lè bi àbúrò rẹ̀ pé ṣé o jí're. Nítorí náà, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ipò kìíní.

Fi owó bẹ́líìtì ránṣẹ́, jọ̀ọ́, kí o fún ẹni tó ń bọ̀ wálé. Má fi sínú káàdì. Ẹ̀rọ ara ògiri bánkì ti gbé káàdì mi mì, mo jókòó tì í títí wọ́n fi tilẹ̀kùn, mo rò pé inú á rú u, á bì í. Ọlọ́run á fi ẹni tó ní ẹran lára yí ọ ká. Ọ̀nà rẹ kò ní dí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò rẹ ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè, ìlú tí o wà yẹn ni yóò ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì mọ ìgbà tí òun máa padà. Ó ń ká aṣọ sínú báàgì, kò wo ojú mi, ó bi mí bóyá kí òun yà kan ilẹ̀kùn rẹ, àbí kí òun máa bá tòun lọ. Mi ò tíì dá a lóhùn. Mi ò fẹ́ kó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ bí àjèjì, mi ò sì fẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o mọ bí a ṣe ń dá ènìyàn rere, gba ìyá rẹ nímọ̀ràn: kí ni kí n sọ fún un?