Orin Tó Bú Jáde Nínú Spíkà Kwáyà

Ọjọ́ Àìkú, Al Nahda, nílẹ̀ Lárúbáwá

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbọ́ àkójọ orin olórin kan tí pásítọ̀ wa máa ń bú. Oníranù ni olórin náà lóòótọ́, àmọ́ orin ẹ̀ máa ń wọ̀ mí ní akínyẹmí ara! Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Bluetooth fóònù mi ṣàdédé so mọ́ spíkà kwáyà, orin àkọ́kọ́ bá bú jáde.

Ẹ̀gbọ́n Ṣadé, olórí kwáyà wa, ló ni bedspace, ìyẹn ibùsùn àháyà, tí mò ń gbé nílé wọn. Wọ́n ní, "Khalas! Ó tán! Kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi lọ́la."

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò wojú mi.

Ẹ̀gbọ́n Ṣadé ń fọ abọ́ ní kíṣìnì báyìí, wọ́n ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Orin kẹta nínú àkójọ yẹn ni. Wọn ò fo ọ̀rọ̀ kan.