Ẹja Abẹ́ Ìjókòó

Ẹ̀gbọ́n mi Arlene,

Ṣé yìnyín ti yọ́ ní Minnesota? Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ sá fún òtútù wá síbí ti ń wa ilé onítáyà wọn, ọkọ̀ ńlá tí a ń gbé inú rẹ̀, padà sílé. Èmi ṣì wà ní Texas. Oòrùn ibí ló wù mí.

Èmi àti Vernon aládùúgbò mi ṣì ń fi káyáàkì, ọkọ̀ ojú omi kékeré, pẹja. Eré ni: a ó ya ẹja ní fọ́tò, a ó dá a padà sómi. Àná, mo fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ìjókòó, nítorí oúnjẹ alẹ́. Bí Vernon ṣe ń bá mi gbé ọkọ̀ gòkè, ó rí ìrù rẹ̀.

"Harlan, ṣé ẹja tìẹ ò mọ odò wẹ̀ ni?"

Mi ò lè wò ó lójú. Láàárọ̀ yìí, mo bá ẹyin àti ọ̀dùnkún lẹ́nu ọ̀nà mi. Vernon ló gbé e síbẹ̀, kò kanlẹ̀kùn.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ ní mo ti sanra.

Àbúrò yín,
Harlan