Ìlà Tí Mo Fà Síbi Iye Ọmọ

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Àwọn Oníṣẹ́ Páànù,
                                        Târgu Salciei,
                                        Romania.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, Ọdún 2019.

Beti, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni Haifa? Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Moni ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú sìgá, àbí ó ṣì ń lọ fà á lẹ́yìnkùlé bí ọmọ iléèwé? Orit àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ọdún Púrímù tó kọjá, ẹ sì kú ìmúra Àjọ Ìrékọjá tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé o ti ń kó ilé síta báyìí, tí ò ń wá èérún búrẹ́dì kiri abẹ́ àga.

Èmi náà wà. Ara mi le, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi ni kò dára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo sì ya méjì àkọ́kọ́ nítorí pé èébú ló kún inú wọn. Bàbá mi kọ́ wa pé ìkíni ni í ṣáájú ìjà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kí ọ. Ìkíni náà kì í ṣe ẹ̀tàn o. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń kí ọ, ẹnu mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iléèwé Hébérù wa ni. Lọ́jọ́ Púrímù, àwọn ọmọ ṣe eré Ẹ́sítérì bí wọ́n ti máa ń ṣe é lọ́dọọdún. Ilinca, ọmọ ọdún mẹ́fà tó kéré jù nínú wọn, ló ṣe ayaba. Tudor fi èédú ya irùngbọ̀n sẹ́nu, ó ṣe Hámánì, ó sì ń pariwo débi pé a ò gbọ́ ohun tí ọba ń sọ. Osias ẹ̀gbọ́n rẹ, alága ìjọ wa, jókòó síwájú pátápátá. Ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́, ó jẹ méjì nínú àkàrà òyìnbó alásálà tí Varvara tó ń tọ́jú ilé fún wa ṣe, ó sì di ẹ̀kẹta sínú áńkáṣífì. Nígbà tó ń lọ, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, “Tili, iṣẹ́ ńlá lò ń ṣe níbí o.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí báyìí pé mo dúpẹ́.

Ó tún ní kí gbogbo wa wá gbàdúrà Sábáàtì nílé òun lọ́sẹ̀ náà, pé òtútù sínágọ́gù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé ti pọ̀ jù fún àwa arúgbó. Mo rò pé àánú wa ló ṣe é.

Ní ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ ni mo dé iléèwé láti dáná sí ààrò kí yàrá tó móoru. Varvara ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Àǹtí Tili, ẹ rọra wọlé o.”

“Kí ló dé? Ṣé ààrò ló wó ni?”

“Ààrò ì bá sàn.”

Beti, àwọn òṣìṣẹ́ ti wá lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì ṣiṣẹ́ wọ ọjọ́ Sábáàtì mọ́jú, nígbà tí àwa ń gbàdúrà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Wọ́n ti kun yàrá náà. Wọ́n fa okùn pupa gba àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn okùn ni àwọn àga kékeré wa wà, wọ́n tò wọ́n bí ẹni pé àwọn tó jókòó sórí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ. Wọ́n ṣí ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, ìwé Noemi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, gan-an ni, èyí tó da yíǹkì sí. Pátákó álẹ́fì, lẹ́tà Hébérù àkọ́kọ́, wà nínú àpótí gíláàsì, pátákó tí èmi àti ìwọ lá oyin lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wọ iléèwé, tí o tún fẹ́ lá tèmi mọ́ tìrẹ. Oṣù kẹsàn-án tó kọjá yìí ni Ilinca lá tirẹ̀. Oyin náà ò tíì tán nínú ojú igi, torí èèrà ti rí ọ̀nà wọ inú àpótí, wọ́n ń tò lọ tò bọ̀ lórí álẹ́fì. Èèrà mọ̀ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun níbẹ̀.

Wọ́n kan àkọlé kan mọ́ ògiri lókè. Mo fẹ́ já a, ọwọ́ mi ò tó o, àwọn ọmọ sì ti ń wọlé. Ilinca ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ni, kò sì sí ohun tó rí tí kì í kà, ìbáà jẹ́ ara páálí ọṣẹ. Ó dúró síwájú àkọlé náà, ó ń na ìka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: “Níhìn-ín ni... àwọn ọmọ Júù... ìlú yìí... ti ń kẹ́kọ̀ọ́... títí wọ́n fi tán.”

Ó yíjú sí mi. “Àǹtí, àwọn wo ló tán?”

“Àwa ni, ọ̀dẹ̀,” ni Tudor dá a lóhùn.

“Irọ́ ni. Báwo ni mo ṣe máa tán? Mi ò tíì jẹun àárọ̀ gan-an.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú mi. Mo tú okùn pupa náà, mo ká a, mo fi ṣe tìmùtìmù, nítorí wọ́n ti gbé àga tèmi lọ síbi tí mi ò mọ̀. A kọ́ orin ìbéèrè mẹ́rin tí ọmọ kékeré máa ń bi àgbà lálẹ́ Ìrékọjá. Ilinca ló máa kọ ọ́ lọ́dún yìí, ó sì ti mọ̀ ọ́n dé ìdajì.

Bí wọ́n ti lọ tán, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo gbà lọ tààrà. Ó ní kí n jókòó, kí n mu tíì. Mo ní mi ò mu.

“Bọ̀dá Osias, àwọn wo lẹ ní wọ́n tán?”

“Tili, má gbé e gbóná. Àwọn àlejò tó ń fi bọ́ọ̀sì wá wo sàréè baba wọn, wọ́n ń fẹ́ ohun tí wọ́n máa rí. Ibi tí gbogbo ẹ̀ dé yìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló kù tó lè gba ilé yẹn là. Ohun tó ń kú la fẹ́ tọ́jú.”

“Ẹ wá kọ́kọ́ pa á kẹ́ ẹ tó tọ́jú ẹ̀?”

“Ta ló pa á? Wo fọ́ọ̀mù ẹ.”

Ó kó wọn jáde látinú dúrọ́ọ̀, àwọn fọ́ọ̀mù tí mo ń kọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àgbà ìjọ ní Bukaréṣì ní gbogbo oṣù Kejìlá láti ọdún 1990 tí mo ti gba iléèwé lọ́wọ́ bàbá mi. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé wa. Níbi tí wọ́n bá ti ní ká kọ iye ọmọ, bàbá mi kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìlà ló máa ń fà, nítorí a kì í ka orí ènìyàn, pàápàá jù lọ orí ọmọ, kí ojú búburú má bàa bà lé wọn. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, tí á máa ní, “Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe èjì, kì í ṣe ẹ̀ta”? Ìlà yẹn lèmi náà ń fà. Lẹ́yìn náà ni alága ìjọ máa pe Bukaréṣì, á sọ fún wọn pé àwọn ọmọ ń bẹ, Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn. Ọdún mọ́kànlá ni Osias fúnra rẹ̀ fi pè bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, kò pè. Ó kó àwọn ìlà mi jọ, ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rí pé kò sí ọmọ.

“Ìlà lo fà síbẹ̀, Tili,” ó ní. “Ìlà ò sì í ṣe ọmọ. Ṣé mo parọ́?”

Kò parọ́, Beti, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Ọmọ iléèwé bàbá mi ni òun náà. Ó mọ ohun tí ìlà yẹn túmọ̀ sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọdún gbogbo tí mo fi ń ṣọ́ra, kí òtútù má lé àwọn ọmọ, kí àwọn tó ń fi ọ̀dà kọ ìkọkúkọ sára géètì wa má dẹ́rù bà wọ́n, mi ò ṣọ́ra fún ìdílé yín rí. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Síbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ lórí nǹkan kan. Mo ní, “Ìwé bàbá yín ńkọ́?” Ọdún tí èmi àti ìwọ wọ iléèwé, 1957, ni bàbá yín fi yàrá yẹn sílẹ̀ fún ìjọ. Ó sì kọ ọ́ síwèé pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kan bá ṣì ń ka álẹ́fì níbẹ̀, a ò gbọdọ̀ fi ibẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, àfi bí Osias àti ìwọ bá jọ jẹ́rìí pé kò sí ọmọ mọ́. Mo mọ̀ pé Osias nìkan ò tó. Mo mọ̀ pé mo ní ọ. Mo tilẹ̀ ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín sí i.

Osias tún nawọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ó fa ìwé kan yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú mi.

Kí n tó kà á ni mo ti mọ ọwọ́ rẹ. Béètì, lẹ́tà Hébérù tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ, bàbá mi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, o sì máa ń fa ìdí rẹ̀ gùn jù, á wá fi pẹ́ńsùlù kàn ọ́ níka. Ó ṣì gùn jù. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé o jẹ́rìí pé kò sí ọmọ kankan mọ́ ní iléèwé náà. Oṣù kìíní ọdún yìí lo kọ ọ́.

Oṣù kìíní yẹn náà lo pè mí lórí fóònù. O bi mí bóyá àwọn ọmọ ṣì ń wá. Mo ní wọ́n ń bẹ, Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn. O ní, “Àmín.” Ṣé ìwé yẹn ti wà lórí tábìlì rẹ nígbà tí ò ń ṣe àmín, àbí ìgbà tí o gbé fóònù sílẹ̀ tán lo lọ wá bírò? Àwòrán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Ilinca fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà ọdún Hánúkà, o ní ara fíríìjì lo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ta lo rò pé ó yà á?

Osias ní ìwọ lo sọ pé ó ti rẹ Tili, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, àti pé inú rẹ dùn pé wọ́n máa fi idẹ kọ orúkọ bàbá yín sára ògiri. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń rẹ̀ mí, mo sì ń bá a lọ. Bó bá jẹ́ àánú mi ló ṣe ọ́, nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ rẹ. Bàbá yín ò sì fi yàrá yẹn sílẹ̀ nítorí idẹ. Ogun pa àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ bí, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ariwo ọmọ ló fẹ́ máa gbọ́ láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ìwọ alára lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, lórí àga tí wọ́n fi okùn dí yẹn.

Mo bínú sí Osias. Ìwọ, mi ò tíì rí orúkọ tí mo máa pe ohun tó wà nínú mi sí ọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n rẹ pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ilé ìdáná Varvara la ti máa kẹ́kọ̀ọ́, lábẹ́ àwòrán Màríà tó gbé kọ́ ògiri. Ó ní òun máa fi tówẹ̀lì bò ó nítorí wa, àmọ́ pé Màríà náà ọmọ Júù ni, kò lè bínú bó bá gbọ́ Hébérù. Ilé ìdáná yẹn máa gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbà wá títí ọdún, àwọn òbí ti ń sọ pé bí iléèwé ò bá ní ilé, àwọn á kúkú jẹ́ kí ọmọ àwọn sùn dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo lọ bi agbẹjọ́rò. Ó ní ẹ̀rí tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ fà á padà, bó bá ti ṣe é kí wọ́n tó ṣí ilé náà. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Ìrékọjá ni wọ́n máa ṣí i. Lẹ́tà kan péré ni, Beti, sí Bukaréṣì àti sí Osias. Mi ò bẹ̀ ọ́ nítorí tèmi.

Bá mi kí Moni, bá mi kí Orit àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò ní bi ọ́ pé mélòó ni wọ́n. Ọlọ́run á ṣọ́ wọn. Bí Osias bá pè ọ́, má bá mi kí i.

Lánàá, mo pe àwọn ọmọ wá sílé mi. Wọ́n kọ orúkọ wọn ní Hébérù sórí ìwé tí mo ká mọ́ lẹ́tà yìí, oníkálukú pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ilinca kọ tirẹ̀ nítorí pé àkọ́kọ́ wọ́. Ọmọ kan náà ni, má ṣì í kà. Nísàlẹ̀, níbi tí ó yẹ kí n kọ iye wọn sí, ìlà ni mo fà, bí bàbá mi ti kọ́ mi. Bí o bá fẹ́ mọ iye wọn, fi ẹnu ara rẹ kà wọ́n. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà nínú kíkà ọmọ, kó wà lọ́rùn rẹ. Bí o bá kà wọ́n tán, kí o mú bírò.

Ibí yìí ni mo ti máa ń kọ ọ́ pé tìrẹ ni mí. Jẹ́ kí ìyẹn dúró ná títí lẹ́tà rẹ á fi dé.

                                        Èmi ni tàwọn ọmọ náà,
                                        Tili.