Àgbẹ̀ Tó Kọ̀wé sí Ìyá Rẹ̀

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara wa dá ṣáṣá. Fóònù Adépéjú ìyàwó mi ló bàjẹ́ tí ẹ ò fi gbóhùn rẹ̀.

Bàbá òyìnbó tí mò ń tọ́jú l'Amẹ́ríkà níbí ní kí n bá òun wá ìtàn ìran òun. Àgbẹ̀ ọmọ Scotland tó gba Ireland débí láyé àtijọ́ ni baba ńlá wọn. A rí lẹ́tà tó kọ sí ìyá rẹ̀: “Àgbàdo yọmọ dáadáa. Ìyàwó mi ń kí yín.” Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì sì sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló sin ìyàwó náà.

Bàbá ní, “Òpùrọ́!” Mo ní rárá o, ìyá rẹ̀ ti dàgbà, òkun sì wà láàárín.

Ẹ bá mi kí ará ṣọ́ọ̀ṣì l'Óǹdó. Adépéjú ń kí yín.