Ọ̀rọ̀ Tí Ìyàwó Ilé Yìí Kì Í Sọ

Màámi,

Ara mi le, ilé ọkọ dùn. Ìyá ọkọ mi nìkan ni mi ò lè yìn! Kò sọ fún mi pé Ntaba lorúkọ baba ńlá wọn tí ṣójà òyìnbó pa láyé ogun, tí wọ́n sì gé orí ẹ̀ lọ. Àwọn olè! Kí ni wọ́n fẹ́ forí olórí ṣe?

Láàárọ̀ àná, mo ní, "Ẹ wo kùrukùru lórí intaba!" Ohùn kan dáhùn látinú ọgbà màlúù, níbi tí wọ́n ń sin àwọn baba ńlá wọn sí: "Ta ló pè mí? Mi ò rí ẹ."

Ìyá ọkọ mi pariwo: "Ẹlẹ́nu gbọọrọ! Ìyàwó ilé yìí kì í pe òkè ní intaba. 'Ibi gíga' la máa ń pè é!"

Òkú yẹn ti dé ẹnu ilẹ̀kùn mi báyìí. Ó ní kí n yá òun ní ojú.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tẹ́ ẹ bá fèsì, ẹ má kọ intaba síbẹ̀ o. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè kàwé láì pariwo.

Nosakhele yín