Ẹni Tí Kò Tíì Ní Ká Padà

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún 2025. Bantè.

Baba Kíá ti fún mi ní gbèdéke. Baba Kíá ni ọ̀gá mi, Ògúndèjì, ará Ṣakí tó ń ta àtùpà sólà ní Bantè ní ilẹ̀ Benin níbí láti nǹkan bí ogún ọdún. Gbogbo nǹkan ló ń fẹ́ kíákíá. (Mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀.) Ó ní tí àtùpà ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà kí oṣù tó parí, òun ò nílò ẹni tó ń kọ ímeèlì sí àwọn oníbàárà mọ́, kí n yáa padà sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Akpassi. Mo mọ ohun tó ń dúró dè mí níbẹ̀. Kí n máa ṣa kajú, kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa ka iye ìgbà tí mo bu ọbẹ̀.

Igba èèyàn ó lé méjìlá ló ti fún wa ní àdírẹ́sì wọn. Ẹnì kan ò dáhùn rí.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Karùn-ún.

Chimène pè mí láti Savalou. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ímeèlì yìí. Ó ní kí n má tíì ta nǹkan kan, kí wọ́n gbà mí gbọ́ ná: ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, orúkọ mi nísàlẹ̀, òótọ́ nínú rẹ̀. Mo wo lẹ́tà tí mo ti ń fi ránṣẹ́ látọjọ́ yìí. “Àtùpà wa ń tàn fún wákàtí méjìlá.” Kò sí ẹ kú ilé. Kò sí ọmọ ńkọ́. Bí èèyàn bá já wọlé tọ̀ mí wá báyẹn, ṣé màá fún un lómi?

Mo tún un kọ. Mo kí wọn, mo kí aya, mo kí ọmọ, mo kí àwọn ará Lougba kú ìdúró de òjò, mo kí àwọn tí iṣu wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Àtùpà gba ìlà kan péré nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún.

Ọgọ́rin èèyàn dáhùn. Kò sẹ́ni tó béèrè àtùpà. Ilé ni gbogbo wọn ń béèrè. Látàárọ̀ ni mo ti ń dáhùn — a wà, a dúpẹ́, wọ́n wà, a dúpẹ́. Baba Kíá na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó ní èwo ló fẹ́ rà nínú wọn. Mo ní a ṣì ń kí ara wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Karùn-ún.

Obìnrin kan gun ọ̀kadà zémíjàn wá láti Atokoligbé, Falilatou lorúkọ rẹ̀, ó máa jẹ ẹgbẹ́ ìyá mi. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní òun fẹ́ kúrò nínú àwọn tó ń gba lẹ́tà, fóònù òun ti kún. Mo fi ìlà ìsàlẹ̀ lẹ́tà hàn án: tí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ tẹ ibí yìí. Mo ní ìka kan ni, kò tó ohun tí wọ́n ń náwó ọkọ̀ sí. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni pé mo bú u.

“Èmi? Kí n jáde nílé onílé láìdágbére? Ta ló tọ́ mi?”

Mo tọrọ àforíjì. Mo sìn ín sọ́nà bó ti yẹ. Níbí, ẹni tó ń lọ ló máa sọ pé ó tó, ẹ padà. Bí kò bá tíì sọ ọ́, ẹni tó ń sìn ín ò gbọdọ̀ yí ẹ̀yìn, òun náà ò sì tíì lọ. A dé ìdí máńgòrò, kò sọ ọ́. A kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta epo ọkọ̀ inú ìgò, kò sọ ọ́. Ó ń sọ ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Parakou tí kì í pè é, mò ń dáhùn. Bàtà mi já. Nígbà tó yá ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n fi orúkọ òun sílẹ̀ níbi tó wà, pé àwọn tó ń béèrè èèyàn ò pọ̀ mọ́.

Òun ló wá sìn mí padà.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún.

Ìsìn. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, a kì í wọ bàtà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé tèmi ti já.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún. Savalou.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ ní Bantè. Mo wọkọ̀ wá síbí kí lẹ́tà má baà yẹ ọjọ́. Chimène wò ó lórí kọ̀ǹpútà: àwọn tó ń ṣí lẹ́tà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹnì kan ò sì kúrò. Ó fi èdè Mahi pe ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó wá wò ó. Ó ní kí n sọ àṣírí rẹ̀ fún òun. Mo ní ẹsẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún.

Ẹni márùn-ún ló wá dágbére lọ́sẹ̀ yìí. Mo sìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ pé ó tó — ó sì gbàgbé fìlà sílẹ̀, ó padà wá mú un, ó bá kúkú dúró. Àwọn míì mú aládùúgbò wọn dání pé kí n kọ orúkọ wọn. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọ̀ọ́dúnrún. Àtùpà kan péré la tà. Baba Salifou, àgbẹ̀ kan ní Lougba, ló rà á. Ó ní ó mọ́lẹ̀ débi pé àwọn adìyẹ òun ò sùn mọ́. Ìyìn ló fi ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Karùn-ún.

Baba Kíá ní òun ti rí báwọn ará ìlú ńlá ṣe ń ṣe é. Kí n kọ ọ́ pé àtùpà mẹ́ta péré ló kù. Mo ní mọ́kànlélógójì ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, èmi ni mo tò ó. Ó ní kì í ṣe irọ́, ìkánjú la fẹ́ dá sí wọn lára. Mo rántí Akpassi. Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i: Abigaïl.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún.

Wọ́n wá. Láti aago méje. Baba Kíá sáré ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, ó pààrọ̀ ẹ̀wù. Kò sẹ́ni tó wá rà. Wọ́n wá bá wa kẹ́dùn. Ìsọ̀ tó kún dẹ́nu lóṣù tó kọjá, ó wá ku mẹ́ta — ṣé olè ni, àbí iná? Falilatou gbé iṣu mẹ́fà wá. Àwọn ará ìjọ mi dé pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń gbàdúrà fún ìmúpadàbọ̀sípò níwájú ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Baba Kíá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà kó má baà ṣí, ó ń ṣe àmín.

Baba Salifou ló dé kẹ́yìn. Ó tú aṣọ lára ẹrù kékeré kan, ó gbé e sórí tábìlì mi. Àtùpà tó rà lọ́wọ́ wa ni.

“Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ó ku mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó di mẹ́rin.”

Ó kọ̀, kò gba owó. Ó ní adìyẹ á kúkú rí oorun sùn. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Karùn-ún.

Mi ò kọ lẹ́tà. Àtùpà Baba Salifou ń wò mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Karùn-ún.

Mo kọ ọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pé kò ku mẹ́ta. Pé mọ́kànlélógójì ni, mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Olè ò jà wá, iná ò jó wa, irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá dágbére, ojú ń tì mí. Ẹ tẹ ìlà ìsàlẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i, mo fi í ránṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tẹ̀ ẹ́. Mo wo orúkọ. Ògúndèjì.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún.

Baba Kíá dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò pariwo. Ó ní òun ò lè máa bọ́ ẹni tó ń jẹ́rìí lòdì sí òun. Kí n tó pa kọ̀ǹpútà, mo kọ ìlà méjì sí wọn: èmi ni mo wá dágbére báyìí. Lọ́la, aago mẹ́jọ, mo ń lọ sí Akpassi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Karùn-ún.

Mo gbé báàgì jáde, wọ́n ti kún iwájú ìsọ̀ títí dé títì. Wọ́n ní àwọn wá sìn mí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ irọ́ àfi Falilatou. Ó ní òun ń bínú, òun á bínú tán lójú ọ̀nà. Baba Salifou gba báàgì mi. A gbéra.

A kọjá ìdí máńgòrò. A kọjá ibi epo inú ìgò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu kí n sọ pé ó tó, ẹ padà. Kò jáde. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n, wọ́n ń bá mi rìn lọ. Mo wẹ̀yìn, mo rí Baba Kíá tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un pé gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ń lọ sí Akpassi.

Baba Salifou kí i dáadáa. Ó wá béèrè bóyá òótọ́ ni, bí mo ti sọ fún un lójú ọ̀nà, pé ó kúrò nínú lẹ́tà láìdágbére fẹ́nì kankan. Baba Kíá wo ilẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ló ṣèèṣì. Baba Salifou ò bá a jiyàn. Ó nawọ́ sí mi.

“Ọ̀gá, ẹni tí kò tíì ní ká padà, ṣé ó ti lọ?”

Baba Kíá wo òjò, ó wo gbogbo èèyàn tó dúró sínú rẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo rí i tó ṣe láìkánjú nìyẹn.

“Kò tíì lọ.”

Ó gba báàgì mi lọ́wọ́ Baba Salifou. A yí padà.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Karùn-ún.

Lẹ́tà ti lọ. Mo kí wọn tán, mo wá kọ ọ́ pé mẹ́rìndínlógójì ló kù, ẹni tó bá fẹ́ kó wá kà á. Wọ́n ra márùn-ún lánàá nígbà tí òjò dá. Baba Salifou gbé tirẹ̀ lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́, Baba Kíá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní ṣé mo lè dá orúkọ òun padà sínú ìwé. Mo ní kó kọ́kọ́ wá jókòó ná. Mo bu omi fún un.